Tẹlifíṣọ̀n Tí Màámi Ń Gbẹnu Sọ Fún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo dágbá lé ìwé kíkọ sí yín. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa yọ yín lẹ́nu níbi tí ẹ wà. Nílé wa, bí ẹ bá ti gbé abẹ́rẹ́ lé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ọmọ kì í sọ̀rọ̀ títí ojú kan yóò fi parí. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni mo ti ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kún inú mi, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Bí ó bá jẹ́ àfojúdi ni, ẹ foríjì mí.

Wọ́n gbà mí sí yunifásítì, Bàbá. Ẹ ti lọ kí orúkọ mi tó jáde. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ẹ fẹ́ kí n kà, ẹ̀kọ́ ìtàn ni wọ́n fún mi. Ṣé inú yín bàjẹ́ sí i? Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí nínú kíláàsì. Bí olùkọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀, mo lè mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í là títí ẹlòmíràn yóò fi dáhùn. Mo máa ń rò pé àṣìṣe ni wọ́n fi gbà mí, pé wọ́n á pè mí lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì ní kí n máa lọ sílé. Wọ́n sì ti ní kí n máa lọ sílé lóòótọ́, kì í kàn ṣe èmi nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn nítorí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn ṣọ́jà dé, wọ́n sì ti ilé ìwé pa. Agége ni mo wà báyìí, nínú yàrá wa, nídìí àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù yín.

Mo fẹ́ bi yín léèrè nípa ọ̀kan nínú wọn. Ẹ rántí èyí tí ẹ máa ń fi sí i lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí afọnfèrè náà ń fọn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣí? Ọmọkùnrin kan wà ní yàrá kejì sí tèmi nílé ìwé, bàbá rẹ̀ ń ṣe ọ̀gá ní Aláúsá. Ó ní orin náà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó pè wá kí a wá gbọ́ jáàsì. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tiwa, bí fèrè náà bá ti fẹ́ gòkè dé ibi tó ga jù lọ, abẹ́rẹ́ á fò, dùùrù á sì gbà á. Nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, abẹ́rẹ́ kankan kò fò. Ọkùnrin náà gòkè, ó débẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń ké. Mo ní kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ọmọ náà wo ojú mi. Ó ní, “Ará Agége, ṣé ìwọ lo ń bá a di fèrè mú nígbà tó ń fọn ọ́n ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, tiwa ni mo fẹ́ràn jù. Nínú tiwa, kálukú ló ń fi ọkàn ara rẹ̀ gòkè ibi tí fèrè kò dé. Ṣé àìmọ̀kan ni, Bàbá? N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú ẹjọ́ yìí.

Ìgbọ́ràn ni iṣẹ́ yín. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù ní Ìkẹjà, yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé ni ẹ máa ń jókòó sí. Wọ́n á mú díẹ̀ wá fún yín nínú èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ, èyí tó bá lábùkù ni wọ́n ń kó lọ sí ẹnu ẹ̀rọ láti lọ̀ ọ́ kúnná kí wọ́n lè tún un tẹ̀. Ẹ ti sọ fún mi rí pé èérún àpàlà lè wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù orin ìyìn tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ jáàsì ni wọ́n tẹ̀, ẹ ó bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n jẹ́ kí ẹ mú èyí tó lábùkù lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí jáàsì kan nílé wa tó pé. Ihò ti ọ̀kan kò bọ́ sí àárín gan-an, dùùrù rẹ̀ ń fì bí ẹni tó ru omi sórí. Òmíràn ń dún ṣíí bí epo àkàrà. Ẹ̀yin tí wọ́n ń sanwó fún kí ẹ máa kọ àbùkù, kí ló dé tí ẹ fi ń kó o wá fún wa?

Lẹ́yìn náà ni náírà wó. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra ohun tí wọ́n fi ń tẹ àwo, wọn kò sì lè rà á mọ́. Wọ́n fi ṣéènì ti géètì ilé iṣẹ́ náà pa. Àárín ìgbà náà ni ohùn tẹlifíṣọ̀n wa kú. Àwòrán ń jáde, dúdú àti funfun, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó ń tún un ṣe ní Ọgbà ní ẹ̀yà tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́ láti ìgbà tí Sáàpù ti dé. Mo rántí pé ẹ jókòó, ẹ wò ó pẹ́, ẹ wá dìde, ẹ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan sórí giramafóònù. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Onídùùrù fún ìròyìn. Sasofóònù, fèrè ọlọ́rùn wíwọ́ yẹn, fún fíìmù ọlọ́pàá. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ̀ onírin gbá ojú ìlù fún àwọn ẹlẹ́ṣin òyìnbó onífìlà ńlá.

Màámi ló wá fún àwọn inú àwòrán náà lọ́rọ̀ sọ. Ìwé àwọn ọ̀gá ni Màámi ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní Aláúsá, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣáá. Bí wọ́n bá délé, tí wọ́n bọ́ bàtà, àwọn òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n á wá máa fẹnu sọ ọ̀rọ̀ ti Màámi. Ọkùnrin kan á gun ẹṣin dé ẹnu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ á máa sunkún. Màámi á ní, “Túndé, mo rán ọ ní ẹran, o fi owó ra ẹṣin.” Wọ́n á yí ohùn padà sí ti ọkùnrin náà, “Ẹran ṣáà ni ẹṣin.” Bí ọ̀gá ṣọ́jà kan bá yọ nínú ìròyìn, wọ́n á fa ojú ro bíi tirẹ̀. “Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i. Àwa náà ń ní in. Ẹ wo ikùn mi bó ṣe ń ní sùúrù.”

Ẹ̀yin á ní, “Àbẹ̀kẹ́, rọra o. Ògiri létí.”

“Bí ògiri bá létí, tẹlifíṣọ̀n tiwa ò ṣáà lẹ́nu.”

Ẹ kì í fẹ́ kí a rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èjìká yín máa ń gbọ̀n. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, tí ẹ jókòó tí ẹ kò fẹ́ jẹun, ẹnu ìyàwó ọlọ́pàá inú fíìmù ni Màámi fi sọ ọ́ pé, “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ọbẹ̀ ti ń tutù.” Wọn kò wo ọ̀dọ̀ yín rárá. Ẹ dìde, ẹ jẹun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, aṣọ funfun ni a dà bo tẹlifíṣọ̀n. Màámi kò sunkún létí ibojì yín, mo mọ̀ pé àwọn ẹbí yín ṣàkíyèsí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí n tó wọ yunifásítì, wọ́n ṣí aṣọ náà fúnra wọn, wọ́n sì fojú sọ fún mi pé kí n gbé àwo sí i. Fíìmù àtijọ́ kan ni. Obìnrin kan dúró nídìí ọkọ̀ ojú irin, ó ń juwọ́ sí ọkùnrin tó ń lọ. Ohùn Màámi rọlẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ níbẹ̀ ni kí ẹ bá wọn jẹ.” Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi lọ, láti ẹnu obìnrin yòówù tó bá yọ. Wọ́n tilẹ̀ bá yín jà lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ ń gbọ́ wọn?

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí nìyí. Bùọ̀dá Fẹ́mi, àbúrò yín, gbé tẹlifíṣọ̀n aláràbarà wá fún wa. Ẹ mọ̀ pé GRA ni wọ́n ti ń wa mọ́tò fún òyìnbó kan. Òyìnbó náà ń padà sí ìlú wọn, ó sì fi ta wọ́n lọ́rẹ. Wọn kò gbé e lọ sílé ara wọn, ilé wa ni wọ́n gbé e wá. Ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ṣe é fún. Ìyá Ṣàkírù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé yàrá iwájú wa, kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wọlé. “Ẹ kú oríire o, ìyá wa. Ẹ wò ó bí ẹyẹ ọ̀kín.” Màámi kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ ó rí ṣe jù báyìí lọ.” Bùọ̀dá Fẹ́mi gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ìyà tán. Ẹ ò ní máa wo tẹlifíṣọ̀n odi mọ́.”

Wọ́n ní àwọn á gbé ti àtijọ́ lọ fún ẹni Ọgbà yẹn kó tú u, kó yọ ohun tó bá wúlò lára rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni ǹ bá sọ, Bàbá? Pé odi yẹn la fẹ́? Pé ibẹ̀ ni Màámi ti ń bá yín sọ̀rọ̀? Wọ́n á rò pé ọ̀fọ̀ ti dà wá lórí rú. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e, mo sì gbé apá kan.

Láti ìgbà náà, àwọn òyìnbó ń fi imú sọ̀rọ̀ ara wọn. Màámi á jókòó, wọ́n á ki ọwọ́ bọ àárín itan, wọ́n á wò ó títí yóò fi parí, wọ́n á sì wọlé lọ sùn. Wọn kò dárúkọ yín mọ́. Wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń gbé e sílẹ̀ láìjẹ ẹ́. Blúùsì ọ́fíìsì wọn ti ń yọ̀ ní èjìká. Ìyá Ṣàkírù ní kí n má dààmú, pé wọ́n ti ń gba kádàrá ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnu wọn ni mo bá Bùọ̀dá Fẹ́mi gbé jáde.

Lánàá, wọ́n fi eré àtijọ́ kan hàn, dúdú àti funfun. Ọkùnrin onífìlà kan wọlé, ìyàwó rẹ̀ sì wà nídìí tábìlì. Mo ronú pé bóyá Ọlọ́run ló ṣe é. Mo yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀ títí tí kò fi dún mọ́. Mo gbé onídùùrù sórí giramafóònù, mo padà jókòó. Ó ṣe mí bíi pé ètè Màámi mì. Obìnrin náà dìde, ó ń fẹnu sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó fún un lọ́rọ̀. N kò lè fara dà á mọ́. Èmi, ọmọ tí kò lè dáhùn nínú kíláàsì, mo fi ohùn jíjìn gbẹnu sọ fún ọkùnrin náà. Mo ní, “Àbẹ̀kẹ́, mo dé o.”

Màámi yíjú sí mi. Wọn kò bínú, ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n wò mí bí ẹni tí mo jí láti ojú oorun. Lẹ́yìn náà, wọ́n padà kọjú sí tẹlifíṣọ̀n.

“Gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀, ọmọ mi. A ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.”

Mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo. Mo yí ohùn náà sókè. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ sọ ohun gidi kan. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ ló ń wá.

Bàbá, n kò mọ̀ bóyá mo ṣẹ̀ yín bí mo ṣe fi ẹnu yín pe Màámi ní oríkì wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé mo kọ ìwé yìí, pàápàá Màámi. Bí ẹ bá yọ sí wọn lójú àlá, ẹ má dárúkọ mi, ẹ má sì béèrè ohunkóhun. Ẹ kàn jókòó tì wọ́n. Bí ó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ jẹ́ kí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ ní Agége.