Kọ́kọ́rọ́ Géètì Tí Sájẹ́ǹtì Gbé Lé Mi Lọ́wọ́

                                        Ojúlé Kẹtàlá,
                                        Òpópónà Aláàánú,
                                        Ìfàkọ̀-Ìjàyè, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Sájẹ́ǹtì Dàwódù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí? Orúnkún ńkọ́? Ìyá Láídé ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti balẹ̀ lẹ́yìn ariwo àná? Láídé fúnra rẹ̀ ńkọ́ ní Ọ̀pébì, àbí iṣẹ́ báńkì ò tíì jẹ́ kó ráyè wá wò yín? Èmi náà wà níbí, ìbàdí ń dùn mí, ẹnu ò dùn mí, alihamudulilahi.

Máa rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ojúlé kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, mo sì jókòó tí mò ń kọ lẹ́tà sí ẹ bí ẹni ń kọ̀wé sí ará Mẹ́kà. Ìwọ lo fà á. Ṣebí ìwọ lo máa ń sọ pé nínú iṣẹ́ ológun, ohun tí wọn ò bá kọ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀. Ó dáa, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Fi í sí àpò àyà ẹ̀wù rẹ, kó máa bá ẹ kiri.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé o máa jiyàn. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko lo fi ṣọ́ géètì àdúgbò wa, kí àwọn tírélà tó ń kó ẹrù jáde láwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà má baà máa gba ọ̀dọ̀ wa já sí Agége. Kò sẹ́ni tó yàn ẹ́. O kàn ra ágádágodo, o wọ bàtà sójà, o dúró. Dírẹ́bà tó bá ṣagídí, wàá ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó wá kí Nàìjíríà. A fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan tí tírélà pa ládùúgbò yìí.

Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Tírélà kan dé, ó kó sìmẹ́ǹtì dẹ́nu. Dípò kí o lé e, o ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, o dúró ṣánṣán, o gbọ́wọ́ síwájú orí, o ń kí i. O ní ọkọ̀ àwọn ará yín tó ń ti ojú ogun bọ̀ ni. Dírẹ́bà náà sì gbọ́wọ́ sókè kí ẹ padà, aláìnítìjú! Ó fọ́ gbogbo ìdérí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù Uswat tó ń ta omi tútù, fíríìsà rẹ̀ ṣubú sínú omi. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ ṣe àlùwàlá ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìwọ fúnra rẹ lo wá bá mi. Mo rò pé wàá kàn ju kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́. Rárá o! O ní kí n dúró ṣánṣán, èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún hun aṣọ nílé iṣẹ́, tí mi ò di ìbọn mú rí. O ní ikùn mi yọ jù, kí n fà á wọlé. O ní kí n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Àwọn ayálégbé ń rẹ́rìn-ín lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lẹ́yìn náà lo gbé e lé mi lọ́wọ́, o wá rọra sọ fún mi létí pé, "Làsísì, iyè mi ń rá. Ìwọ ni mo gbé e lé lọ́wọ́ o. Má jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ síbi tí mi ò mọ̀." Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ó dùn mí dọ́kàn, mi ò lè parọ́ fún ẹ.

Àná wá ńkọ́? Mo wà nídìí géètì, mò ń fi òróró sí ágádágodo, ni mo gbọ́ "Olè! Dúró síbẹ̀!" Ìwọ ni, tìwọ ti igi ìgbálẹ̀. O bi mí níbo ni mo ti jí kọ́kọ́rọ́ ìjọba. Mo dárúkọ ara mi, o ní orúkọ tí gbogbo olè Agége ń jẹ́ nìyẹn. O ṣeun. O ní kí n káwọ́ sókè, mo káwọ́ sókè. Èmi ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ò ń dà mí lọ láàárín àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀, wọ́n ń kígbe "lẹ́fù, ráìtì" tẹ̀lé wa. O ní àtìmọ́lé là ń lọ. Ilé rẹ la já sí. Ìyá Láídé bú sẹ́kún, o sì pàṣẹ pé kó gbé oúnjẹ fún ẹlẹ́wọ̀n. Mo jẹ ìrẹsì náà tán pátá. Ìgbà yẹn lo wá wò mí lójú, o ní, "Làsísì, ìgbà wo lo dé?"

Láàárọ̀ yìí ni Déolú, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, gbé ìwé wá. Ó ní kí n buwọ́ lù ú, kí Láídé wá gbé ẹ lọ sílé àwọn arúgbó, pé o ti di ewu. Déolú tó jẹ́ pé ẹ̀yìn géètì rẹ ló ti gbá bọ́ọ̀lù dàgbà! Mo sọ fún un pé ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe é. Èmi náà wá gíláàsì mi títí láàárọ̀, ojú mi ló wà. Mo fa ìwé náà ya. Ó bínú jáde, ó ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú ló máa parí ẹ̀. Kó pè é ná. Màá wà níbẹ̀, màá dúró ṣánṣán, màá sì fa ikùn wọlé.

Bá mi kí Ìyá Láídé. Sọ fún un pé ẹran àná kéré fún ẹlẹ́wọ̀n.

Nítorí náà, bí o bá tún rí arúgbó oníkùn kan nídìí géètì, tó mú kọ́kọ́rọ́ dání, kí o tó pariwo, fa lẹ́tà yìí yọ, kí o kà á. Èmi ni. Ìwọ lo fún mi. Bí o bá kà á tán tí o ò gbà á gbọ́, kò burú, mú mi. Ṣáà má dá lọ síbì kankan. Màá káwọ́ sókè, màá ṣíwájú, ìwọ á máa tẹ̀lé mi bọ̀, títí a ó fi délé rẹ.

                                        Èmi ni ẹlẹ́wọ̀n rẹ tòótọ́,
                                        Làsísì.