Ìbọn Tí Mo Fín Orúkọ Ọmọ Mi Sí

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àfojúsọ́nà ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Deptford níbí, nílùú òyìnbó, mo kí ẹ̀yin àti Màámi. Mo kí Àǹtí Ṣadé àti àwọn ọmọ wọn. Mo kí Àkànbí àbúrò mi, tí yóò ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí. Àkànbí, bí o bá dé ibi tí ẹnu rẹ fẹ́ kọ̀, má fò ó. Kà á tán fún wọn.

Nígbà tí ẹ pè mí níjẹta, ẹ bi mí pé kí ló ṣe ohùn mi. Mo ní òtútù ni. Òótọ́ ni pé òtútù ń mú, òjò wínníwínní ò sì jẹ́ ká rí oòrùn láti ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló gba ohùn mi. Bùkọ́lá ìyàwó mi ti kúrò nílé. Ó mú Morẹ́nikẹ́ ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Sydenham, ó ti di oṣù karùn-ún báyìí. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé yóò ti kà á, nítorí bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, màá bu irọ́ mọ́ ọn. Mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ilé wa mìíràn wà níbí tí wọ́n ń ṣe ohun tí mo ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Ẹ má jáyà, n kò pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹ bá ti oko ọdẹ dé, ẹ ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó máa fi òróró nu ìbọn yín, àwa ọmọ ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀ títí mo fi dàgbà. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, tí n kò tíì mọ Bùkọ́lá, tí mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé sí yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í ti í kí mi káàbọ̀, mo yà síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ nǹkan ogun àtijọ́. Ọkùnrin kan ń ta rìfọ́fà, ìbọn ìléwọ́ tí ibi tí ọta ń gbé nínú rẹ̀ máa ń yí bíríbírí. Wọ́n ti fi irin dí ẹnu rẹ̀, kò lè yìn mọ́ láéláé, ó sì ní ìwé tó jẹ́rìí sí i. Òfin ibí gbà kí èèyàn fi irú rẹ̀ sílé. Mo ra ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n di mẹ́ta.

Bàbá, mo gbádùn wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ìpẹtà ara wọn. Màá yọ èèkù tó bá a wá, màá gbẹ́ tuntun sí i. Mo fi ìrókò gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ti èkejì, ìwo àgbò ni, alápatà kan ní Rye Lane ló fún mi. Uncle Sùlé, bàbá káfíńtà kan tó ti fẹ̀yìn tì sí Deptford, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìda oyin dán igi. Lára èèkù kẹta ni mo fín orúkọ Morẹ́nikẹ́ sí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é.

Bùkọ́lá ò fẹ́ràn wọn. Ó ní bí wọn ò bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, òun ò ní sọ̀rọ̀. Mo ṣèlérí fún un. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbé wọn jáde kó tó di ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Màá ki ọ̀kan bọ inú jákẹ́ẹ̀tì, màá rìn dé ìkóríta, màá padà. Nílé ìwé tí mo ti ń gbálẹ̀, tí mò ń tún ilẹ̀kùn ṣe nígbà náà, ọdún kẹfà mi ni, síbẹ̀ àwọn tíṣà ń pè mí ní orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi. Bí ìbọn yẹn bá wà láyà mi, ó dà bíi pé mo di èèyàn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin fúnra yín máa ń sọ pé ìbọn kì í bá èèyàn lọ sọ́jà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo fẹ́ fi ìbọn tí mo fín orúkọ Morẹ́nikẹ́ sí han Uncle Sùlé. Bàbá náà ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kí n má gbé e. Mo ní fọ́tò ò lè jẹ́ kí ọwọ́ wọn mọ bó ṣe dán tó. Bùkọ́lá bi mí pé kí ló wà nínú báàgì, mo ní búrẹ́dì ni. Mo mú ọmọ mi lọ́wọ́, a wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì, a jókòó sókè, níwájú pátápátá, níbi tó fẹ́ràn.

Ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni orúkọ òun wà lára nǹkan náà, ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun dì í mú. Mo yọ ọ́, mo fi í lé e lọ́wọ́. Ó ń fi ìka tọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn wa dìde, ó sọ̀ kalẹ̀. N kò fura.

Láìpẹ́ bọ́ọ̀sì dúró, awakọ̀ ní ó ti bàjẹ́, kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó gbé ìbọn ló dúró dè wá. Wọ́n pariwo pé kí n nawọ́ sókè, kí n dojú bolẹ̀. Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Bàbá, nígbà tí mo yí ojú mi lórí kọnkéré olómi yẹn, mo rí ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, àmọ́ òun náà ti na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ti tọ̀ sára. Ọlọ́pàá obìnrin kan bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi wé e, ó ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀.

Ilé ẹjọ́ ní ìwé tí mo ní, ti inú ilé ni, kì í ṣe ti ìgboro. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún mi, wọ́n ní n kò ní lọ bí n kò bá tún ṣẹ̀. Wọ́n gba ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ ilé ìwé bọ́. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì ni mo wà báyìí.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Bùkọ́lá ló sọ fún mi pé ọmọ náà ò sùn dáadáa mọ́. Ó ní òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí Dádì jẹ́ kí òun dì í mú, òun ló jẹ́ kí ọlọ́pàá mú Dádì. Ọmọ ọdún méje, Bàbá.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n jẹ́ kí n rí i ní pápá tó wà nítòsí ilé ìyá-ìyá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú koríko tútù. Mo ní kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní Dádì ló purọ́ fún Mọ́mì, Dádì ló gbé ohun tí kò yẹ kó gbé jáde. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá bi mí, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó máa ń dún bí òyìnbó, pé bí kì í bá ṣe òun ló ṣẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ òun àti Mọ́mì ló kó kúrò nílé.

Bùkọ́lá tó jókòó sí bẹ́ǹṣì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo kó ẹrù mi. Uncle Sùlé ti fún mi ní yàrá kan ní Deptford. Mo gbá ilé, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Morẹ́nikẹ́, mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún Bùkọ́lá ní Sydenham, mo ní kí wọ́n padà sílé wọn. Bàbá, ẹ má pè é láti bẹ̀ ẹ́ nítorí mi. Kò ṣe mí níbi kankan.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ̀ nínú igbó, kí Màámi má ṣe sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà, àti àwọn tó bá béèrè mi.

Ẹgbẹ́ ni èmi àti Bùkọ́lá, ìwọ ni a jọ ń pe ara wa láti ọjọ́ tí a ti mọra. Nígbà tó gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó ní, ẹ ṣeun.

Èmi ni ọmọ yín,
Kúnlé