Ilé Tí Ezra Kàn Bí Ọkọ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹwàá
Igi ápù ẹ̀yìn ilé ìdáná ti lọ. Mo jí, mo rí i nísàlẹ̀ bèbè, ó dorí kodò nínú ẹrẹ̀ pupa, èso ṣì wà lórí rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tó kù láàárín ilẹ̀kùn àti òkun. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélógún. Lọ́dún tó kọjá, ó lé ní ogójì.

Mo pe Burpee ní Truro. Àbúrò mi kan ṣoṣo — Ọ̀gbẹ́ni Rárá. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà lórí ìwé ilé. Bí kò bá buwọ́ lu ìwé àṣẹ, n kò lè gbé ilé náà kúrò létí òkun. Ó ní kí n jẹ́ kí katapílà wó o kí omi tó wó o. Mo ní bàbá ńlá wa Ezra, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ó ní Ezra ti kú.

Ọjọ́rú, 4
Odette Comeau dé láti Halifax. Òun ni ìjọba ń rán wá wo àwọn ilé àtijọ́. Bó bá jẹ́rìí sí i pé ilé wa níyì, tí ìgbìmọ̀ sì gbà, kò sẹ́ni tó tún lè wó o. Ojú rẹ̀ fà ro nígbà tó rí ike funfun tí Bàbá kàn bo ara ògiri. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló gun àjà. Mo dúró nísàlẹ̀ àkàsọ̀. Bí ogún ìṣẹ́jú, n kò gbọ́ ìró kankan. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, eruku kún irun rẹ̀. Ó rọra bi mí pé, "Mà, ta ló sọ fún yín pé ilé lèyí?"

Ó mú mi gòkè. Abẹ́ àjà yẹn ni wọ́n bí mi sí, n kò sì gbójú sókè wò ó rí bó ṣe yẹ. Egungun ìhà ọkọ̀ ni, lọ́tùn-ún lósì, ó tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n da ọkọ̀ dojú bolẹ̀. Níbi tí igi ti pàdé igi, gbòǹgbò tó tẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀, bí orúnkún èèyàn, ni wọ́n fi dì í mú. Kò sí ìṣó kan. Èèkàn igi ni gbogbo rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó dán bí awọ.

Àmọ́ — Odette ní ibi tí ilé wà jẹ́ apá kan iyì rẹ̀. Láti fèrèsé òkè ni Ezra ti ń wo àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn. Bá a bá gbé e kúrò, ìgbìmọ̀ lè ní kì í ṣe ilé yẹn mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5
Bó bá dúró, òkun. Bó bá kúrò, kì í ṣe òun mọ́. N kò lè jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 9. Ìdúpẹ́ ìkórè.
Burpee gbé páì elégédé wá. A jẹ tòlótòló. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wo àwo rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé yìí ló pa Bàbá. Ẹ ò sí níbí. Èmi ni mo gbé e nílẹ̀."

1983 ni. Bàbá ń tún òrùlé ṣe, ó já bọ́, kò tún rìn mọ́ títí ó fi kú lọ́dún kejì. Ontario ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nígbà yẹn. Ogójì ọdún, Burpee kò sọ ọ́ fún mi rí.

Mo ní ká jọ gun àjà. Ó ní rárá. Àfi bó ṣe béèrè ìwé àṣẹ, tó sì buwọ́ lù ú. Ó ní ilé náà kò ní dé ẹnu géètì kó tó fọ́. Kó kúkú fọ́ lójú gbogbo ayé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Lemuel Tufts ló máa gbé e lọ sórí òkè, jìnnà sí òkun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ilé gbígbé láti ibì kan dé ibòmíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní òun máa fi ayùn gé e sí méjì, bí òun ṣe ń ṣe fún gbogbo ilé àtijọ́. Lónìí ó rá wọ abẹ́ ilẹ̀ pákó. Nígbà tó jáde, ó ṣí fìlà.

Ó ní igi kan ṣoṣo ló lọ láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínláàádọ́ta, kò lójú oríkèé. Ilé náà ò sì so mọ́ òkúta ìpìlẹ̀ níbì kankan. Ó kàn jókòó lé e, bí ọkọ̀ tó ń retí omi.

"Mi ò ní fi ayùn kàn án," ló wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Lemuel ní ó di ọ̀la.

Ọjọ́rú, 18


Aago méje àárọ̀ ni wọ́n fi jáàkì gbé e. Ó ké — ohùn gígùn kan láti inú lọ́hùn-ún, bí ẹni tó pẹ́ lórí àga tó ń dìde — lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo rí òkun lábẹ́ ilé wa.

Burpee ti gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní òun wá wo bó ṣe máa fọ́. Gbogbo àdúgbò dúró sórí koríko.

Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ àjàgbé fà á dé ìdajì òkè, táyà apá òsì rì sínú kòtò. Ilé fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀. Gbogbo wa sá sẹ́yìn. Mo ń retí ìró pákó tó ń ya. Kò ya. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi: ó tẹ̀. Látorí òrùlé dé ìsàlẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀, ó tẹ̀lé ilẹ̀. Nígbà tí táyà sì gòkè, ó nà padà. Gíláàsì kan ò sán.

Burpee ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé nígbà tí mo máa wo ọ̀tún. N kò mọ ìgbà tó kúrò nídìí ọkọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ògiri, ó sì bá a rìn bẹ́ẹ̀ dé orí òkè.

Ọjọ́ Àìkú, 22
Odette padà wá láti ka àwọn orúnkún igi àjà, kó lè kọ wọ́n sínú ìwé tó máa gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó. Ó ní òun máa jà fún un, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí.

Burpee gun àkàsọ̀ tẹ̀lé wa.

Odette ń kà, ó ń kọ: méjìdínlógún, gbogbo rẹ̀ iṣẹ́ Ezra, 1868. Burpee ní, "Kì í ṣe gbogbo rẹ̀." Ó lọ síbi ìkẹtàdínlógún, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó ní èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti jẹrà. Lọ́dún 1979, òun àti Bàbá rìn nínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìn oko fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó rí gbòǹgbò tó tẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́. Bàbá gbẹ́ ẹ fún oṣù méjì. Òun di orí kejì ayùn mú.

Odette tan iná sí i. Ó wo ìkejìdínlógún, ó padà wo ìkẹtàdínlógún. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní bí wọn ò bá sọ fún òun, òun ì bá má mọ̀ láéláé.

Lẹ́yìn náà ló bi í, tìtìjú-tìtìjú, bóyá kóun kọ ọ́ pé wọ́n pààrọ̀ ọ̀kan. Ó ní ìyẹn lè dín iyì ilé kù lójú ìgbìmọ̀.

"Ẹ kọ orúkọ Bàbá," ni Burpee wí. "Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ kọ ti Ezra sí."

Mo pe orúkọ náà fún Odette, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Hibbert Lockhart.