Ìka Mẹ́ta Tí Ẹ Fi Ń Wọn Àwọ̀n

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́ o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí Àlùjánà tù yín lára. Bùrọ̀dá mi ṣì ń pẹja ní Ẹ̀pẹ́, ó sì ti fi ọ̀dà àwọ̀ ewé tí ẹ kò fẹ́ràn rí kun ọkọ̀ yín. Ẹ bá mi dárí jì í.

Èmi tí ẹ ń pè ní akọ̀wé, iṣẹ́ ẹja náà ni mo padà ń ṣe. Òkè Ọya ni mo wà, létí adágún ńlá tó wà níbi tí wọ́n ti sé odò nítorí iná mànàmáná. Iṣẹ́ mi ni kí ẹja má baà tán nínú rẹ̀. Àwọn apẹja ibẹ̀ ń lo àwọ̀n olójú kéékèèké, ọmọ ẹja ni wọ́n ń kó ṣáá. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti hun òmíràn. Ẹ rántí pé ìka mẹ́ta lẹ fi ń wọn ojú àwọ̀n yín, kí àwọn kéékèèké lè ráyè jáde? Mo na ìka mẹ́ta sí wọn. Wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n, wọ́n sì fi odidi oṣù mẹ́ta hun àwọ̀n.

Bàbá, ìka tèmi! Ìka tín-ín-rín tí kò di nǹkan kan mú ju bírò lọ! Ọmọ ẹja náà ni àwọ̀n tuntun tún kó wá. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun. Ṣé ẹ rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ wà? Mo mọ̀ pé ẹ rẹ́rìn-ín.

Mo sáré wálé. Bùrọ̀dá tú àpótí yín, ó sì rí pákó pẹlẹbẹ tí ẹ gbẹ́ bá ìka mẹ́ta yín mu, tí ẹ fi ń hun àwọ̀n. Káfíńtà kan ní Ìgbògbò gé irú rẹ̀ fún gbogbo ilé apẹja létí adágún náà. Nígbà tí mo kó o padà dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja, wọ́n bínú sí mi díẹ̀, wọ́n sì tún àwọ̀n hun. Láàárọ̀ àná, ẹja ńlá nìkan ló kù nínú rẹ̀. Mo sunkún níwájú wọn.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún yín rí. Lọ́jọ́ tí ẹ wá wò mí nílé ìwé ní Ìkòròdú, ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo sì yẹrí nítorí òórùn ẹja. Ẹ fi ọwọ́ náà tún filà yín ṣe. Ṣé ó dùn yín? Ó ń dun èmi títí di òní.

Pákó yín ló wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Òórùn ẹja kò tíì kúrò lára rẹ̀. Mo gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò yẹrí mọ́.