Awọ Ẹ̀yìn Mi Tí Wọ́n Gé fún Àyẹ̀wò

Àkọ́bí mi obìnrin,

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ló pé ọdún kan tí ìyá rẹ kú. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Òrùlé kò jò mọ́. Àbúrò rẹ ti ríṣẹ́. Orúnkún ṣì ń dùn mí. Aránṣọ tó wà ní ilé kejì ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ohun tí mo pè ní làpálàpá lẹ́yìn mi kì í ṣe làpálàpá. Dókítà gé díẹ̀ nínú awọ náà, ṣùgbọ́n àwọn ará yàrá àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan pàtó, nítorí ìpara tí mo ń fi pa á ti bo àmì rẹ̀. Wọ́n ní kí n yé fi ìpara pa á, lẹ́yìn náà wọ́n tún un gé. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ funfun tó sá sínú awọ ni, kò wọ́pọ̀. Oríṣi kan ń rọra rìn, èèyàn á bá a darúgbó. Òmíràn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n jọra lójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo awọ náà, àfi kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò mìíràn kí wọ́n tó mọ èyí tó jẹ́.

Nígbà tí mo sọ ìyẹn, aránṣọ ní, “Bàbá, ṣé ogbó yín yìí ò tíì tó ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ìyá rẹ ló máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà, á wá sọ ìwọ̀nba èyí tí mo lè gbà fún mi. Mo ti fún àwọn dókítà ní nọ́ńbà fóònù rẹ. Ọlọ́run á dì ọ́ mú, wàá jẹun ọmọ pẹ́. Bí wọ́n bá pè ọ́, ìwọ ni kí o pinnu ohun tí n ó gbọ́.

Bàbá rẹ