Àmì Ohùn Lórí Ìtọ̀ Bàbá Jímọ̀

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kejì, 1978

Àràárọ̀ ni a ń se abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn yìí, èmi ni mo sì ń sè é. Màá kọ́kọ́ gbọn eérú kúrò lára èédú, màá fẹ́ iná títí yóò fi pọ́n. Màá tẹ́ aṣọ funfun sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí àwọn sirinji onígíláàsì má baà forí gbára wọn. Abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi lórí gbogbo rẹ̀. Bí omi bá hó, àwọn sirinji á máa kan ara wọn, ṣin-ṣin-ṣin, bí eyín ẹni tí ọyẹ́ mú. Mo máa ń dúró tì wọ́n. Àwọn nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ kí Májọ̀ tó dé.

Májọ̀ ni olórí nọ́ọ̀sì wa, Kamaráádì Léonard, ará Àgbómẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Ìwé-Àṣẹ — nínú ìwé yìí nìkan. Bí òjò bá rọ̀, yóò kọ́kọ́ wá ìwé àṣẹ láti Kútọnu tó gbà á láyè.

Èmi: akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì láti Sákétè, tí ilé ẹ̀kọ́ rán wá ṣe sitáàjì, ìyẹn ni pé kí n fi iṣẹ́ kọ́ṣẹ́. Èdè Ìdààṣà ni wọ́n ń sọ ní ìlú Ìdààṣà níbí. Wọ́n ní Yorùbá mi dà bí orin. Mo bá dákẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Òbúkọ ẹ̀yìnkùlé nìkan ló kí mi lónìí. Mo dá a lóhùn.

Ọjọ́rú, 8

Bàbá Jímọ̀ wá, bàbá tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, òun àti ìyàwó rẹ̀. Májọ̀ bi í pé kí ló ń dùn ún. Ó ní kò sí ibi tó ń dùn òun. Májọ̀ ní ṣé ó wá kí wa ni? Bàbá wò mí, ó wo òrùlé. Ó ní ọmọ yìí kéré, òun ò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Jímọ̀ pòṣé, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yorùbá Ìsẹ́yìn ló ń sọ, ohùn rẹ̀ jọ tilé: “Ọmọ mi, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi ìsápá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni. Ó ní ìsápá lòun ń mu. Ta ló ń se ìsápá fún un? Ṣebí èmi ni mò ń dáná!”

Olùkọ́ wa kò fi èyí ṣeré: àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tí kò sì dùn ún — ẹ má yọ̀ pé kò dùn ún. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ nínú àpò ìtọ̀. Ẹ tètè rán an sí dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Májọ̀ ní Faransé, ohùn mi kéré bí ti eṣinṣin. Ó gbà! Ó ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Kútọnu.

Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ wà. Láti oṣù yìí lọ, èdè àwọn ará ìlú ni a ó máa fi kọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, kì í ṣe èdè àwọn amúnisìn. Blandine, akọ̀wé wa, fi ẹ̀rọ tẹ ìwé tí Bàbá yóò mú lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló jẹ. Wọ́n lu òǹtẹ̀ tó tóbi ju ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ọjọ́bọ̀, 9

Bàbá wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìyá Jímọ̀ di ẹ̀kọ àti àkàrà fún un. Ó ní kó má purọ́ ìsápá fún dókítà.

Ọjọ́rú, 15

Ọjà Glazoué. Májọ̀ fi ọkọ̀ àwọn aláìsàn lọ “ṣe àbẹ̀wò”. Iṣu ló dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tó dé, wọ́n fi aṣọ bò ó dé ọrùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Bàbá Jímọ̀ ti dé. Ó ti rù. Àárín àwọn oníkọ́ ni wọ́n fi í sí! Wọ́n ní kó máa tutọ́ sínú abọ́ láràárọ̀, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n ní kò ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, kó máa lọ sílé.

Mo fojú sílẹ̀, mo bi í pé ṣé kò sọ fún wọn ni. Ó ní, “Wọ́n ní kí n tutọ́, mo tutọ́. Mo rò pé ibi tí ìmọ̀ wọn ga dé nìyẹn, pé wọ́n ń wo ti ìsàlẹ̀ láti òkè.”

Ìyá Jímọ̀ ní: “Ẹnu ni wọ́n wò. Wọn ò rí àrùn níbẹ̀, àfi irọ́ ìsápá.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní ẹ̀jẹ̀ dídì ti ń bá ìtọ̀ jáde báyìí.

Májọ̀ lẹ ìwé Kútọnu, tó ní Bàbá kò ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, mọ́ ògiri. Àṣeyọrí! Wọ́n fẹ́ fún ilé ìwòsàn tó dára jù ní agbègbè yìí ní àsíá pupa lóṣù tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Mo ní kí Blandine fi ẹ̀dà ìwé tí a kọ sí Kútọnu hàn mí. *eje ninu ito*.

Ìtọ̀ ni a wí. Itọ́ ni wọ́n kà.

Blandine ní, “Ẹ̀rọ àwọn Faransé ni, àbúrò. Ó mọ é, ó mọ è, ó mọ à. Kò mọ ohùn tiwa.”

Mo tọ Májọ̀ lọ. Ó ní àmì ohùn jẹ́ ọ̀ṣọ́ àwọn olówó. Àgbẹ̀ wo ló ń fi àmì sọ̀rọ̀? Ó wá yíjú sí Blandine, ó fi èdè Fon bá a wí, ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, kò sí àmì kan tí kò fi sí i.

Mo ní ká fi bíírò fa àmì sí i. Ó ní ìwé ìjọba tí wọ́n fọwọ́ kọ nǹkan sí ti di ayédèrú. Ìwé tuntun ńkọ́? Ìyẹn túmọ̀ sí pé a ṣàṣìṣe. Kí á gba àsíá ná.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Mo gun òkè lọ. Mo dúró lórí àpáta, mo ń kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ sókè. “Ìtọ̀! Ìtọ̀ ni!” Obìnrin kan tó ń sá gbáàgúdá sí ìsàlẹ̀ gbójú sókè: “Bó bá ń gbọ̀n ẹ́, bọ́ sẹ́yìn àpáta! Ta ló dá ẹ dúró?”

Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi ṣeré níbí.

Ọjọ́rú, 22

Ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò. Kamaráádì Lambert, aṣojú ìjọba, ló ń darí — Gbohùngbohùn ni mò ń pè é. Ohun tí wọ́n bá sọ, yóò tún un sọ. Yóò ní “Ehuzu!”, ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, a ó dáhùn pé “Dandan!”

Májọ̀ ń ka àṣeyọrí wa. Ó dé orí Bàbá Jímọ̀. Mo bá ara mi lórí ìdúró. Mo ní, “Ìtọ̀ ni.” Lambert ní, “Sókè, kamaráádì!”

“Ìtọ̀ ni! Kì í ṣe itọ́! Inú ìtọ̀ Bàbá Jímọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wà!”

Ó ti mọ́ Gbohùngbohùn lára. Ó na ọwọ́ sókè: “Ìtọ̀ Bàbá Jímọ̀!”

Gbogbo ìpàdé: “Dandan!”

Ẹ̀rín bú. Bàbá fi fìlà bojú. Ìyá Jímọ̀ dìde, ó ní ẹni tí kì í tọ̀ nínú wọn kó wá síwájú. Ẹnì kankan ò wá.

Ìpinnu: wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò ṣe ìwádìí lórí àmì ohùn. Lambert ni alága. Wọ́n fi Bàbá Jímọ̀ ṣe ọmọ ìgbìmọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá. Mo ti tú àṣírí àgbà níta gbangba. Ó ní, “Dìde. O ti sọ ọ́ lójú gbogbo Ìdààṣà. Ṣé ojú dókítà kan ni yóò wá tì ọ́?”

Májọ̀ ní bí mo bá kúrò níbi iṣẹ́ láti bá Bàbá lọ sí Kútọnu, òun ò ní fọwọ́ sí sitáàjì mi. Ó ní ìwé àṣẹ wà. Ó ṣeé ṣe kó wà.

Lọ́la, màá se abẹ́rẹ́ bí ìṣe mi. Màá fi ìgò kan sáàárín àwọn sirinji, kó bá wọn hó. Bàbá yóò tọ̀ sínú rẹ̀. Màá dì í mọ́ra, a ó jọ wọ ọkọ̀ ojú irin, màá sì gbé e síwájú dókítà tó ń wo àpò ìtọ̀, kí ó wo àwọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn kò nílò àmì.

Bí wọ́n bá sì tún gbé abọ́ itọ́ wá, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Sókè.