Ọkọ̀ Tó Ń Bọ̀ Wá Gbé Ọ

Dírẹ́bà mi, ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara rẹ, báwo ni iṣẹ́, báwo ni àwọn tí ẹ jọ ń gbé lórí ara yín nínú ilé gíga yẹn bí ẹyẹlé? Kí Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé yìí láìfarapa máa ṣọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, kí ó má jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń gbé yín lọ sókè gbàgbé yín sí àárín, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí ojú má tì ọ́. Àmín. Bí o bá béèrè wa, a wà, a ò kú. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n kọ ìyẹn ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀, torí ó mọ̀ pé tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀, mi ò ní rántí pé òun wà láyé. Ìjì ti ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná. Ewúrẹ́ télọ̀ tó múlé tì wá ti bímọ, ṣùgbọ́n òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ kì í gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá mọ́, mi ò mọ ohun tá a fi ṣẹ̀ wọ́n.

Mo dúpẹ́ fún fóònù tó o fi ránṣẹ́. Ọkùnrin tó o fi sínú ẹ̀, tó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe ń tún ògbólógbòó ọkọ̀ ṣe nílé ara ẹ̀, ọmọlúàbí ni. Mo máa ń kí i láràárọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò bínú, mo gbà pé ariwo ibi iṣẹ́ ẹ̀ ni kì í jẹ́ kó gbọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìyá rẹ gbé omi wá fún un, nígbà tí kò mu ún, ó ní onígbèéraga ni. Kì í ṣe onígbèéraga. Tí mo bá ti fi ìka kàn án níwájú, á dúró jẹ́ẹ́, á gbé sípánà sókè, á máa dúró dè mí títí n ó fi rí tèmi. Mi ò rí ọ̀gá tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkọ̀ tí mò ń wí, ọkọ̀ wa àtijọ́ náà ni, èyí tó wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé ìdáná. Òun ló gbé ọ wálé láti ilé ìwòsàn nígbà tí ìyá rẹ bí ọ. Inú ẹ̀ lo ti máa ń jókòó sí itan mi, tí wàá di ìtọ́kọ̀ mú gírígírí, tí mo fi ń pè ọ́ ní dírẹ́bà mi. Òun náà ló gbé ọ lọ sí ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tó o ń lọ sí ìlú ńlá, bí mo sì ṣe wà á padà wálé lọ́jọ́ náà ni kò jí mọ́. Àtìgbà náà ni ìwọ náà ò ti wálé. O ní àwọn ọlọ́kọ̀ kì í fẹ́ gba ọ̀nà wa, o ní iṣẹ́ ò sì jẹ́. Mi ò bá ọ jà. Mo kàn jókòó, mo rò ó pé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ṣebí ọkọ̀ wà nílé. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi, ó ń sọ mí gan-an. Mo fẹ́ fi ọkọ̀ yẹn wá gbé ọ wálé.

Iná iwájú ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Mo tú u, mo fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀, mo fi aṣọ nu dígí ẹ̀ títí ó fi ń dán, mo so wáyà bí ọkùnrin inú fóònù ṣe so tiẹ̀. Bí mo ṣe dá a padà sáàyè ẹ̀ báyìí, ó tàn. Ìyá rẹ ní kò lè tàn, pé kò sí bátìrì nínú ọkọ̀. Mo ní kó yé ṣe bí ará oko, ṣé okùn ló fa ohùn rẹ láti ìlú ńlá wá sínú fóònù ni? Ayé ti kọjá wáyà. Àfi pé láti ọjọ́ náà ni ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun ò rí ohun tó ṣe é, pé ẹyin ojú náà mọ́ bíi ti ọmọdé, ó kàn dà bíi pé ẹni tó ń wo ìta láti inú ẹ̀ ti jáde ni. Àwọn alákọ̀wé àti ọ̀rọ̀ wọn. Tí mo bá ń wá nǹkan báyìí, iwájú iná ọkọ̀ ni mo ń lọ dúró sí, ibi tí mo bá sì ní lọ́kàn láti wò ni iná náà ń yíjú sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún họ́ọ̀nù ṣe. Ohùn ẹ̀ rinlẹ̀, ó dùn-ún gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ohùn tèmi há, kò sì là mọ́. Má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú, ó tiẹ̀ rọrùn bẹ́ẹ̀. Tí mo bá fẹ́ pe ìyá rẹ, họ́ọ̀nù á ké, òun á sì dá mi lóhùn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé nígbà mìíràn èmi á wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, họ́ọ̀nù á ké lẹ́yìnkùlé, òun á sì mọ̀ pé omi ni mo fẹ́ mu. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Ọjọ́ tó o pè kẹ́yìn, o ní kí n kúrò lójú títì, pé ọkọ̀ kan ń fọn họ́ọ̀nù, kò jẹ́ kó o gbọ́ mi. Mi ò sí lójú títì, ọmọ mi. Èmi ni mò ń dá ọ lóhùn.

Ó kan táyà. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, mo fi gírísì pa gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń yí, orúnkún mi bá gan. Inú ọkọ̀ ni mo ń jókòó sí báyìí láti òwúrọ̀, inú ẹ̀ náà ni mo ti ń kọ èyí, torí ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ mi kì í ti í gbọ̀n. Ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń fi ìka tọ́ mi sí ìlà. Ìjókòó náà ti mọ̀ mí. Ó máa ń móoru dè mí kí n tó jókòó.

Ìyá rẹ lọ pe mẹkáníìkì tá a ń pè ní Kò-sí-wàhálà. O mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ ìbáà jóná di eérú, kò sí wàhálà lá sọ. Ó dé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó sì fa ọwọ́ náà padà wéré. Ó bi mí pé ta ló tan ẹ́ńjìnnì. Ìyá rẹ bá mi dáhùn pé kò sẹ́ni tó tan án, pé kò tíì sí púlọ́ọ̀gì nínú ẹ̀. Ó ní kí ló dé tó fi ń mí. Ó gbé etí sí ẹ́ńjìnnì, ó wá gbé etí sí àyà mi, ó tún padà sídìí ẹ́ńjìnnì, ó wá sọ fún ìyá rẹ pé wàhálà wà. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, ni họ́ọ̀nù bá ké. Ọkùnrin náà sá, ó fi sípánà ẹ̀ sílẹ̀, kò sì tíì wá mú un.

Ìyá rẹ sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ní gbogbo ohun tí mo bá tún ṣe lára ọkọ̀ ló ń bàjẹ́ lára mi, ojú ti lọ, ohùn ti lọ, ẹsẹ̀ ti lọ, ó ku ẹ́ńjìnnì, kí n fi Ọlọ́run ṣe é, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kó gbogbo irinṣẹ́ mi lọ pamọ́ sílé télọ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé sípánà Kò-sí-wàhálà. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, mi ò gọ̀. Ẹ̀rù náà ń bà mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ojú tí mo ní tẹ́lẹ̀, kí ló ń wò? Ẹnu ọ̀nà tó ò gbà wọlé. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó ń dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń padà. Ti ọkọ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àánú ìyá rẹ ló ń ṣe mí. Láàárọ̀ yìí ó gbé oúnjẹ mi wá, ó dúró, kò mọ ibi tí ì bá gbé e sí, ó wá gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mi ò bá a wí, torí ibẹ̀ náà ni ebi ti ń pa mí.

Ohun tó kù ò ju púlọ́ọ̀gì àti epo lọ. Dákun, fi owó ẹ̀ ránṣẹ́. Tó o bá gbé e fún báńkì, kìlọ̀ fún wọn pé owó tí ọwọ́ rẹ kàn gan-an ni kí wọ́n fún wa, èyí tí wọ́n kà fún ìyá rẹ lọ́jọ́sí, òórùn ọwọ́ ẹlòmíì ló wà lára ẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà síbí, mi ò sì ní fi í pamọ́. Ó ní kó o má fi owó kankan ránṣẹ́. Ó ní ìwọ fúnra rẹ ni kó o wá, kódà kó o fẹsẹ̀ rìn, pé tó o bá ti wọlé, kò ní sí ìdí tí n ó fi tan ẹ́ńjìnnì mọ́, kó o sì tètè wá. Mo fi họ́ọ̀nù sọ fún un pé kó má fúngun mọ́ ọ, iṣẹ́ ò jẹ́ kó o ráàyè. Èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn nínú méjèèjì ni kó o ṣe.

Kí Ọlọ́run má fi wá du ara wa. Kí ó bù sí i fún ọ, kí ó jẹ́ kí ọ̀nà tí a ó jọ gbà wálé tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ìwọ ò bá wá, tó o wá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó o rí ọkọ̀ náà lẹ́nu géètì rẹ, tó o yọjú wo inú ẹ̀ tó ò rí ẹnikẹ́ni nídìí ìtọ́kọ̀, má sá fún mi, má sì jẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ sọ òkúta lù mí. Ṣí ilẹ̀kùn iwájú, kó o wọlé. N ó rọra gbé ọ délé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.